Ta Ló Kó O Ràn Án? Ìtàn Mẹ́dọ̀wú C àti Ojú Abẹ́rẹ́

 

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti bí àwọn bàbá wa ṣe wọ rélùwéè dé Òkè Ọya. Ìtàn àrùn kan ni, àti ti abẹ́rẹ́ tó gbé e yí ayé ká. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Kí ló kàn wá ńbẹ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin ná.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ rèé. Màmá kan tí a jọ wà ládùúgbò, ọmọ ilé wa, dédé kó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ sílé. Wọ́n ní ó lọ kọ́ṣẹ́. Gbogbo wa mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ kankan. Ọmọ náà ti ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ oògùn olóró fún bí ọdún mẹ́ta, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn gáréèjì. Nígbà tó yá, ó ń rù, ó ń rẹ̀ ẹ́, ẹyinjú rẹ̀ wá di yẹ́lò. Wọ́n ní ayé ló ń ṣe é. Ilé ni wọ́n ti wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní mẹ́dọ̀wú C ni. Ìyá rẹ̀ pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ ti há: "Bàbá Tóyìn, ta ló kó o ràn án?"

Mi ò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kàwé, tí mo ń béèrè. Èsì ọ̀rọ̀ náà gùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Àrùn tí kò lórúkọ

Mẹ́dọ̀wú kì í ṣe ẹyọ kan. A wà, B wà, C wà, D àti E náà wà. A àti E, omi àti oúnjẹ tó dọ̀tí ni wọ́n sábà máa ń bá wọlé. B lè gba inú ẹ̀jẹ̀, ó lè gba ibi ìbálòpọ̀, ìyá sì lè fi ran ọmọ. C ní tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ gan-an: ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní i tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Èyí pẹ́ kó tó rí orúkọ gbà. Ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Harvey Alter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọpa àwọn aláìsàn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára. Nígbà tó fi máa di 1975, àyẹ̀wò ti wà fún A àti fún B, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn yìí ń ní mẹ́dọ̀wú tí kì í ṣe A, tí kì í sì í ṣe B. Orúkọ tí wọ́n fún un náà nìyẹn: èyí tí kì í ṣe A, tí kì í ṣe B.

Ó di 1989 kí Michael Houghton, Qui-Lim Choo, George Kuo àti Daniel Bradley tó rí kòkòrò náà mú, tí wọ́n sì pè é ní C. Láti 1990 ni Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fà á sí ẹnikẹ́ni lára. Ní 1997, Charles Rice fi hàn pé kòkòrò yìí nìkan tó láti dá àrùn náà sílẹ̀. Ní 2020, Alter, Houghton àti Rice gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí.

Kí ló fà á tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Àrùn tí kì í pariwo ni. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá kó o, bíi mẹ́ta ni ara wọn á lé e jáde fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Nínú àwọn méje tó kù, á jókòó sínú ẹ̀dọ̀ jẹ́ẹ́, 20 ọdún, 30 ọdún, láìsí orí fífọ́, láìsí inú rírun. Ẹni tó ní i ń lọ sọ́jà, ó ń bí mọ, ó ń ṣe owambẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ń gbó díẹ̀díẹ̀ ní abẹ́. Nígbà tí ikùn bá wú tí ojú di yẹ́lò, ẹ̀dọ̀ lè ti le bí òkúta tàbí kó ti di jẹjẹrẹ.

Ẹ̀yà rẹ̀ bí ilà ojú

Láyé àtijọ́, bí èèyàn bá ní àbàjà tàbí pélé lójú, àwọn àgbà á wò ó, wọ́n á ní ọmọ ibí báyìí ni. Kòkòrò yìí náà ní ilà tirẹ̀. Bó ṣe ń da ara rẹ̀ kọ nínú ẹ̀dọ̀ èèyàn, ó máa ń ṣi ìwé kọ, àṣìṣe náà á sì máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ka àṣìṣe yìí bí ẹni ń ka ilà. Wọ́n lè mọ èyí tó bá èyí tan, àti bí ó ṣe pẹ́ tó tí wọ́n ti pín yà. Ẹ̀yà mẹ́jọ ni wọ́n mọ̀ báyìí, wọ́n fi nọ́ńbà pè wọ́n láti 1 dé 8. Lábẹ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà: 1a, 1b, 2a, 3a àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹjọ ló kéré jù ní mímọ̀. 2018 ni wọ́n kéde rẹ̀, lára àwọn èèyàn tó wá láti Punjab ní Íńdíà.

Ibi tí ẹ̀yà kan bá ti ní ọmọ tó pọ̀, tí wọ́n sì yàtọ̀ síra gan-an, ibẹ̀ ló ti pẹ́ jù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá rèé: Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ẹ̀yà 2 ti pẹ́ jù, ẹ̀yà 1 náà sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yà 4, Àárín Gbùngbùn Áfíríkà àti Íjíbítì ni. Ẹ̀yà 3, Íńdíà àti Pakistan. Ẹ̀yà 5, ìsàlẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀yà 6, ọ̀nà Vietnam. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 tiẹ̀ tọpa ẹ̀yà 2 láti etíkun wa dé erékùṣù Martinique, ó sì jọ pé ọkọ̀ ẹrú ló gbé e kọjá òkun. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rù lọ kò rí ẹrù kankan gbé, àfi èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún yẹn, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Abẹ ìkọlà, abẹ gbẹ́rẹ́, abẹ onígbàjámọ̀ tí wọ́n fi kan ẹni méjì láìfọ̀ ọ́ dáadáa, irú àwọn ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló lè gbà. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ dé ló tó gun ẹṣin.

Abẹ́rẹ́ dé

Ní 1853, Alexander Wood ní Edinburgh àti Charles Pravaz ní Lyon, oníkálukú wọn ṣe sírínjì tó ní abẹ́rẹ́ oníhò. Mọfíìnì fún ìrora ni Wood kọ́kọ́ fi ń gún èèyàn. Ní 1898, ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì gbé hẹ́róìnì jáde sọ́jà, oògùn ikọ́ ni wọ́n pè é. Ẹ ṣàkíyèsí i: oògùn ilé ìwòsàn àti oògùn olóró, inú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń lò.

Àwa tó dàgbà ní Sabon Gari ní Kánò máa rántí sírínjì onígíláàsì. Kẹ́mísì kan wà lẹ́bàá ilé wa. Bàbá oníkẹ́mísì á gbé ìkòkò kékeré ka orí sítóòfù, á se sírínjì àti abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná. Bí èrò bá pọ̀, omi náà kì í ráyè hó dáadáa. Á nu abẹ́rẹ́ ní òwú tí sípíríìtì wà lára rẹ̀, ó di ẹlòmíì. A fẹ́ràn abẹ́rẹ́ nígbà yẹn. Bí wọ́n bá fún èèyàn ní oògùn onígbígbé mì lásán, á ní wọn ò tọ́jú òun. Bàbá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló wo ibà wa sàn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ohun tó lè wà lójú abẹ́rẹ́ yẹn.

Orílẹ̀-èdè kan wà tí irú nǹkan báyìí ti di ti gbogbo ìlú. Ní Íjíbítì, àtọ̀sí ajá, èyí tí wọ́n ń kó nínú omi odò Náílì, ń yọ àwọn àgbẹ̀ lẹ́nu gidigidi. Ìjọba ní àwọn máa wò ó sàn. Láti àwọn ọdún 1950 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ń gún àwọn ará abúlé ní oògùn kan sínú iṣan, abẹ́rẹ́ 12 sí 16 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọn ò se sírínjì náà tó bó ṣe yẹ kó tó kan ẹlòmíì. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, ó sì wo àtọ̀sí ajá sàn lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà 4a bá ojú abẹ́rẹ́ wọlé sí wọn lára, Íjíbítì sì di orílẹ̀-èdè tí mẹ́dọ̀wú C pọ̀ sí jù láyé. Ní 2000 ni àwọn onímọ̀ kọ ọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet pé ìtọ́jú yẹn ló fà á.

Èmi ò rí ẹni tó bú àwọn àgbẹ̀ Íjíbítì pé oníranù ni wọ́n. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Láàárín àwọn tó ń gún oògùn

Láàárín 1940 sí 1980 ni ẹ̀yà 1a àti 1b fọ́n ká gbogbo ayé. 1b ló ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà síni lára nílé ìwòsàn ló gùn jù. 1a tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ àwọn tó ń gún oògùn olóró ló sì bá rìn, ní Amẹ́ríkà pàápàá. Ọmọ ẹ̀yà 3 kan, 3a, tí ìdílé rẹ̀ wà lọ́nà Íńdíà, bọ́ sáàárín àwọn tó ń gún hẹ́róìnì ní Yúróòpù àti Ọsirélíà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò kúrò ní Glasgow rí fi lè ní kòkòrò tí ìyá ìyá rẹ̀ wà ní Punjab.

Báwo ló ṣe ń kọjá? Kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan. Ṣíbí tí wọ́n fi po oògùn, òwú tí wọ́n fi sẹ́ ẹ, ife omi tí gbogbo wọn ń fà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè gbé e. Nínú sírínjì, àwọn olùwádìí rí i pé ó lè wà láàyè tó ọjọ́ 63. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí tó láti kó o.

Ìlú mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ wò.

Edinburgh, ìlú tí Wood ti ṣe sírínjì rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, hẹ́róìnì kún ibẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tà sírínjì fún àwọn ọ̀dọ́ náà mọ́, ọlọ́pàá sì ń gba èyí tó bá wà lápò wọn. Ṣé wọ́n jáwọ́? Rárá o. Ẹyọ sírínjì kan di ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní 1986, Dókítà Roy Robertson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà pa mọ́ lọ́dọ̀ wọn wò. Ó lé ní ìdajì wọn tó ti ní kòkòrò HIV.

Amsterdam ni ìkejì. Ní 1984, àwọn tó ń gún oògùn fúnra wọn, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ àlòkù kí wọ́n tó fún èèyàn ní tuntun. Mẹ́dọ̀wú B ni wọ́n ń sá fún. C ò tíì lórúkọ. Àwọn tí ayé ń pè ní aláìnírònú ló kọ́kọ́ ronú kan ọ̀nà yìí.

Ìkẹta, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Austin ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, tí èèyàn ibẹ̀ kò ju bí 4,000 lọ. Oògùn ìrora tí dókítà ń kọ fún èèyàn ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń gún. Òfin ìpínlẹ̀ náà kò fàyè gba pípààrọ̀ abẹ́rẹ́. Láàárín 2014 sí 2015, ó lé ní 180 èèyàn tí HIV mú. Nígbà tí wọ́n yẹ wọ́n wò, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló ti ní mẹ́dọ̀wú C pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ wá ka ilà kòkòrò náà, wọ́n rí i pé C ti ń rìn láàárín wọn tipẹ́, ó ti wọlé lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀nà tí C là sílẹ̀ ni HIV gbà sáré. Àyẹ̀wò C ìbá ti jẹ́ agogo ìkìlọ̀, ká ní ẹnì kan ń gbọ́.

Ibi tí ẹ̀yà ti ṣe pàtàkì sí aláìsàn

Títí di nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ̀yà tí èèyàn bá ní ló ń sọ ìyà tó máa jẹ. Interferon ni oògùn ìgbà náà, wọ́n padà fi ribavirin kún un. Ẹni tó ní ẹ̀yà 2 tàbí 3 á lò ó fún ọ̀sẹ̀ 24, ọ̀pọ̀ wọn á sì yè. Ẹni tó ní ẹ̀yà 1 á gún un fún ọ̀sẹ̀ 48, pẹ̀lú ibà, àárẹ̀ àti ìbànújẹ́ ọkàn, síbẹ̀ nǹkan bí ìdajì wọn ló ń rí ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í tiẹ̀ fẹ́ fún ẹni tó ń gún oògùn, wọ́n ní kò ní lò ó pé.

Ní December 2013, sofosbuvir jáde. Oògùn onígbígbé mì ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ 12 péré. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà? 84,000 dọ́là. Ẹyọ hóró kan jẹ́ 1,000 dọ́là. Àwọn ilé iṣẹ́ Íńdíà gba àṣẹ láti máa ṣe é, owó rẹ̀ já wálẹ̀. Ní 2016, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ velpatasvir, ìyẹn sì ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ẹ̀yà láti 1 dé 6. Lónìí, àwọn orílẹ̀-èdè tó bá rà á pọ̀ lè rí ìtọ́jú ẹnì kan ní nǹkan bí 60 dọ́là. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó ń rí ìwòsàn pátápátá. Ẹni tó ń gún oògùn náà ń rí i.

Íjíbítì ló tún kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́. Láàárín October 2018 sí April 2019, wọ́n yẹ èèyàn tó tó 50 mílíọ̀nù wò, wọ́n sì fún àwọn tó ní i lóògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba tó ṣèèṣì tàn án kálẹ̀ ló padà wá gbá a kúrò nílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa ńkọ́?

Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé ìdá 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ní àmì mẹ́dọ̀wú C. Ó jọ pé ó kéré, àmọ́ kò pín dọ́gba. Ìpínlẹ̀ Nasarawa, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, ní ìṣòro rẹ̀ débi pé wọ́n gbé ètò kalẹ̀ ní 2020 láti lé e kúrò.

Ní ti oògùn, ìwádìí mìíràn tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn 2017 ní bíi 80,000 èèyàn ló ń gún ara wọn ní Nàìjíríà, oògùn ìrora ilé ìwòsàn sì ni wọ́n ń gún jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ̀yin tó ń kó ọmọ lọ sílé: ilẹ̀ Yorùbá ni lílo oògùn olóró ti pọ̀ jù nínú gbogbo Nàìjíríà. Kíkó ọmọ kúrò ní Kánò lọ sí Ìbàdàn kì í ṣe ìwòsàn. Ẹgbẹ́ mìíràn ló máa rí níbẹ̀, pẹ̀lú sírínjì mìíràn.

Wọ́n ti dán pípín abẹ́rẹ́ tuntun wò ní Nàìjíríà náà. Ìpínlẹ̀ Gombe, Abia àti Ọ̀yọ́ wà lára ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé á ṣòro fún àwọn kan láti gbọ́. "Ṣé ká wá máa ra abẹ́rẹ́ fún wọn ni?" Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìtàn Edinburgh ti dáhùn. Ẹni tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jáwọ́, ti ẹlòmíì ló lò. Abẹ́rẹ́ tuntun tó tó, pẹ̀lú oògùn tó ń rọ́pò olóró lábẹ́ ojú dókítà, ń dín kíkó C kù tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ohun tó yẹ ká mọ̀ kò pọ̀. Mẹ́dọ̀wú C kì í gba inú abọ́, ife tàbí ìdìmọ́ra ràn, nítorí náà ẹ má ya abọ́ ọmọ sọ́tọ̀. Abẹ ìfárí, bùrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ohun ìgékánná, kí oníkálukú ní tirẹ̀. Àyẹ̀wò méjì ló wà: àkọ́kọ́ ń sọ bóyá kòkòrò náà ti wọ ara rí, ìkejì ń sọ bóyá ó ṣì wà. Ẹ má dúró lórí àkọ́kọ́ nìkan. C kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára bí i ti B, ẹni tó sì ti rí ìwòsàn lè tún un kó. Àwa tí a ti lé ní 50 ọdún, tí a gba abẹ́rẹ́ onígíláàsì, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ara wa wò pẹ̀lú. Èmi ti lọ. Ìgbà tí mo jókòó tí mo ń dúró de èsì ni mo tó mọ̀ pé èmi àti ọmọ màmá yẹn kò jìnnà síra tó bí mo ṣe rò.

Mo ti pe màmá náà padà. Mo ní, "Màmá, kò sí ẹni tó kó o ràn án lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó fún un náà, ẹnì kan ló fún òun, ẹni yẹn náà gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ojú abẹ́rẹ́ kan náà ni." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé ó lè padà wá sílé?" Mo ní ó lè padà wá.

Ó ti dé. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kò tíì jáwọ́ pátápátá nínú ìyókù, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n kò lo abẹ́rẹ́ ẹlòmíì mọ́, abọ́ kan náà ni òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ sì fi ń jẹun. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹ má fi ọwọ́ méjèèjì nà á o.

Kí Ọlọ́run má fi ọmọ wa tọrẹ fún àìsàn. Ire o.